Àwọn Ọjọ́ Tí Clem Hathaway Fi Sinmi

Ìṣẹ́gun, 5 Sẹ̀tẹ́ḿbà 2006
Ọjọ́ kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú baba arúgbó yìí ní Glenn Dale. Mister Jesse Whitlock, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ìṣẹ́gun sí Àbámẹ́ta. $9.50 ní wákàtí kan. Epo $2.61 gálọ́ọ̀nù kan. Láti yàrá mi ní Forestville dé ibẹ̀, máìlì mẹ́tàlá. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán láti ilé.

Ìwé ló kún ilé náà, títí dé orí àtẹ̀gùn. Méje nínú wọn, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́: mẹ́rin nípa ìgbésí ayé àwọn tó gbá bésíbọ́ọ̀lù, mẹ́ta nípa àwọn olóṣèlú. Mo bi wọ́n pé kí ló pa irú àwọn méjèèjì pọ̀.

Wọ́n ní, “Kíkà ni, Nọ́fíù. Ọ̀kan, wọ́n ń ka eré rẹ̀. Èkejì, wọ́n ń ka ìbò rẹ̀. Ṣé o mọ bésíbọ́ọ̀lù?”

“Rárá, sà.”

“Ọlọ́run ṣeun. Ẹni tó wá ṣáájú rẹ mọ̀ ọ́n, kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.”

Ẹtì, 8 Sẹ̀tẹ́ḿbà
Lẹ́yìn oògùn ọ̀sán, Mister Jesse sọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Ìwé kẹjọ ló kù tí wọn kò tíì parí. Ìtàn Clem Hathaway ni, ọmọ àgbẹ̀ tábà láti ìhà Upper Marlboro, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan kí ó tó di aṣòfin ní Annapolis. Ní ọdún 1913 apá ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́, kò sì lè ju bọ́ọ̀lù mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tó ń tọrọ ìbò.

Mo ní, “Mister Jesse, nílùú tiwa, kò ní rí ìbò kan ṣoṣo.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Mo fún wọn lómi.

Ohun tí ìwé náà dúró lé ni pé máníjà ẹgbẹ́ náà, Amos Tuckerman, ló ba apá ọmọ náà jẹ́. Mister Jesse ní ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù lónìí, ó yẹ kí ó sinmi ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó tún jù ú. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méjì, tàbí tí kò tó méjì, apá ń jìyà. Wọ́n ti ṣe àtẹ kan láyé ọjọ́un tó fi gbogbo ìsinmi Hathaway hàn, eré dé eré. Yàrá abẹ́ ilé ni ó wà nígbà tí òjò Júùnù wọ ibẹ̀. Ó di ẹ̀kọ. Ilé ìtẹ̀wé sì ní láìsí àtẹ, kò sí ìwé. Wọ́n fún wọn di 31 Ọ̀któbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú, wọn kò ní sún un mọ́.

Àwọn ẹ̀dà ìwé ìròyìn ọdún náà wà lókè, nínú àpótí. Ẹni tí yóò kà wọ́n ni kò sí.

“Ṣé o mọ ìṣirò?”

Mo ní ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ka àpò kòkó ní sítọ́ọ̀ ní Ìbàdàn, àpò kan kò sì sọnù lọ́wọ́ mi rí.

“A óò rí i,” ni wọ́n wí.

Àìkú, 10 Sẹ̀tẹ́ḿbà
Ìsinmi. Mo se ìrẹsì tí n óò jẹ di Ọjọ́rú. Mo pe Ọmọ́kẹ́mi, ọmọbìnrin mi, fóònù rẹ̀ ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. N kò fi sílẹ̀. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù.

Ọjọ́bọ̀, 14 Sẹ̀tẹ́ḿbà
Òjò láti àárọ̀. Ìwé ìròyìn náà dúdú, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí èèrà. Mo ra awò ojú $6.99 nílé ìpògùn, nítorí àwọn oníṣègùn ojú ń béèrè $120. Ó ṣiṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 16 Sẹ̀tẹ́ḿbà
Eré mọ́kànlélógójì ni Hathaway ṣe ní ọdún náà. Mo ti rí gbogbo rẹ̀, mo kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀. Mister Jesse na ọwọ́, wọ́n ń fi ìka tọ ojú ìwé mi bí ẹni pé ìka ni wọ́n fẹ́ fi kà á. Ní aago márùn-ún, wọ́n ní, “Ṣé kò sí kánjúkánjú? Jókòó mu tíì.” N kò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kẹ́yìn. Mo mu ife méjì. Ní ilé mi, kò sí ẹni tí yóò bi mí pé kí ló mú mi pẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 21 Sẹ̀tẹ́ḿbà
Mo bẹ̀rẹ̀ àtẹ náà. Mo fi rúlà fa ìlà, mo fi bírò pupa kọ iye ọjọ́. Ajé 1 Sẹ̀tẹ́ḿbà 1913, ó ju bọ́ọ̀lù. Ọjọ́bọ̀ 4, ó tún jù ú. Mo fi ìka ka ọjọ́ wọn, ó jẹ́ mẹ́rin. Mo kọ 4. Àbámẹ́ta 6, ó tún jù ú. Mo kọ 3. Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi ju kòkó lọ. Kò ní eruku.

Àìkú, 24 Sẹ̀tẹ́ḿbà
A bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Èmi nìkan ni mo dìde sí sààrì, èmi nìkan ni mo ṣínu. Dàbínù àpótí kan $4.29. Bí mo bá ń jẹ mẹ́ta lójúmọ́, yóò tó mi di òpin oṣù.

Àbámẹ́ta, 30 Sẹ̀tẹ́ḿbà
Mo parí àtẹ. Àlàfo ogójì ló wà láàárín eré mọ́kànlélógójì. Mo kà á sókè fún Mister Jesse láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

“Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó sinmi ọjọ́ méjì, tàbí tí kò tó méjì?”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, sà.”

“Mọ́kàndínlógún ni mo rántí. Mọ́kàndínlógún ni mo kọ ní 1979.”

Mo ní bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń rántí. Kí ni mo mọ̀? Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà.

Wọ́n ní, “Nígbà náà, mo ti ń parọ́ mọ́ òkú láti bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.” Wọn kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Mo bò ó mọ́lẹ̀, mo gbé e sínú fíríìjì.

Ìṣẹ́gun, 3 Ọ̀któbà
Wọ́n ní kí n yọ orí kẹsàn-án ìwé náà kúrò. Wọ́n ń pe òmíràn fún mi, mò ń fi ọwọ́ kọ ọ́. Nínú tuntun yìí, Tuckerman kò jẹ̀bi. Ojú ìwé mẹ́ta lónìí. Ọwọ́ ń dùn mí.

Ẹtì, 6 Ọ̀któbà
Máníjà náà ní ọmọ-ọmọ kan, Anna, tó ń gbé ní Kettering, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Nígbà tí Mister Jesse kọ́kọ́ kọ nípa bàbá-bàbá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó pè wọ́n, ó sunkún, ó ní kí wọ́n má ṣe bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Òní ni wọ́n kọ lẹ́tà sí i. Èmi ni mo kọ ọ́, wọ́n buwọ́ lù ú, mo fi ìka wọn sí ibi tí wọn yóò kọ ọ́ sí. “Mo ṣẹ̀ ọ́, mo ṣẹ bàbá-bàbá rẹ.” Sítáǹbù sẹ́ǹtì 39.

Ọ̀sán, Jessica ọmọ wọn pè láti Ohio. Ó ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọdún tó kọjá pé kí wọ́n wá bá òun gbé. Mo ń fọ abọ́, mo gbọ́ ohùn wọn: “Òótọ́ lo sọ. Ojú nìkan kọ́ ló lọ. Orí náà ti ń lọ. Ta ilé náà.”

Ọjọ́bọ̀, 12 Ọ̀któbà
Anna pè. Ó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ 26. Mister Jesse ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn dáadáa ní ọjọ́ náà.

Wọ́n ti rí ẹni tí yóò ra ilé. Jessica yóò wá gbé wọn ní 4 Nòfẹ́ḿbà. Ẹ́jẹ́ńsì tó rán mi wá síbí ní àwọn yóò wá ibòmíràn fún mi, wọn kò mọ ìgbà. Mo ti ka owó tó kù: bí n kò bá ra nǹkan kan lẹ́yìn oúnjẹ, yóò gbé mi dé àárín Disẹ́ḿbà. Kì í ṣe owó ni mo ń rò nígbà tí mò ń wa mọ́tò lọ sílé.

Àbámẹ́ta, 14 Ọ̀któbà
Otútù. Epo ti wálẹ̀ sí $2.19. Pátákó ìbò wà níwájú gbogbo ilé. Mister Jesse bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣínu. Mo ní dàbínù mẹ́ta. “Pẹ̀lú ta ni?” Mo ní pẹ̀lú rédíò.

Ajé, 23 Ọ̀któbà
Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo kírun, mo lọ sí ọ̀dọ̀ Ọmọ́kẹ́mi. Ó gba àyè lọ́sàn-án kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ kí mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gba dọ́là márùn-ún márùn-ún, wọ́n sá wọ yàrá lọ.

“Bàbá, ẹ jẹ ẹran. Ẹ ti rù.”

“Ààwẹ̀ ni.”

“Ààwẹ̀ kọ́, òyìnbó yẹn ni. Ṣé ó tiẹ̀ ń fún yín ní ìsinmi ṣá, àbí bí máníjà tí ẹ sọ yẹn ṣe lo ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ṣe ń lò yín?”

“Ó ń fún mi. Ọjọ́ méjì. Àìkú àti Ajé.”

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹran náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣiṣẹ́ ní Àbámẹ́ta, n óò ṣiṣẹ́ ní ọ̀la tíí ṣe Ìṣẹ́gun, ìsinmi ọjọ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ Hathaway ni, mẹ́rin ni mo máa kọ.

“Bàbá, kí ló dé? Ṣé ata ti pọ̀ jù ni?”

Mo ní kò sí nǹkan. Mo béèrè bírò.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ọrọọrún nílé wa ni mo ṣe kà á. Bí ọjà bá bọ́ sí Ajé, Ẹtì ni òmíràn: Ajé kan, Ìṣẹ́gun méjì, Ọjọ́rú mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, Ẹtì márùn-ún. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ wà nínú kíkà, ọjọ́ tí a ń lọ bá náà wà níbẹ̀. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn kí n tó wọ ilé ìwé. Fún ọjà, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kò sinmi ní ọjọ́ tó jù ú. Ní gbogbo ibi tí mo kọ mẹ́rin, méjì ni. Mo ti fi ọjọ́ méjì méjì kún ìsinmi ọkùnrin náà nígbà ogójì.

Ìṣẹ́gun, 24 Ọ̀któbà
Mo ti tún gbogbo rẹ̀ kà kí n tó dé ibẹ̀. Mo lè dákẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀: baba kò ríran, àwọn atẹ̀wé kò ní ìwé ìròyìn náà, Anna yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ohun tí mo rò ní ojú ọ̀nà nìyẹn, láti Forestville dé Glenn Dale, n kò sì ní purọ́ pé n kò rò ó.

Mo fún wọn ní oògùn, mo jókòó.

“Mister Jesse, sà, mo ṣe àṣìṣe nínú àtẹ yẹn.”

“Níbo?”

“Ní gbogbo rẹ̀.”

Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n fi ìka kà á lórí orúnkún àwọn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ orúnkún wọn: Ajé, ó ju bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́gun, ó sinmi. Ọjọ́rú, ó sinmi. Ọjọ́bọ̀, ó ju bọ́ọ̀lù.

“Méjì,” ni wọ́n wí. “Gbogbo rẹ̀ ńkọ́?”

“Mọ́kàndínlógún, sà.”

Wọ́n ní, “Mo gbà pé orí mi ti kú. Mo sọ fún ọmọ mi pé orí mi ti kú. Mo ta ilé mi.”

“Ẹ jọ̀wọ́, sà.”

“Àpò kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ rí, àbí?”

Mo kó àtẹ náà nílẹ̀.

“Lọ sílé, Nọ́fíù.”

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé di aago márùn-ún. Mo wọlé ní ọ̀sán láti gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 25 Ọ̀któbà
Mo lọ. Wọ́n ti jókòó ní yàrá ìkọ̀wé wọn, wọ́n ti múra.

“Èmi nìkan ni mo gbà pé mo ti gbàgbé. Ìwọ kọ́ lo ní kí n gbà á,” ni wọ́n wí. “Kí ló dé tí o kò fi dákẹ́?”

Mo ní, “Anna ń bọ̀ lọ́la.”

“Ìyẹn gan-an ló yẹ kó mú ọ dákẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n ní kí n dá orí kẹsàn-án àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, kí n da tuntun náà nù. Ojú ìwé mẹ́rìnlá tí mo fi ọwọ́ kọ. N kò dà á nù, mo tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́, ó dára fún ìṣirò. Mo tún àtẹ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ń ka ọjọ́ lórí ìka wọn bí mo ṣe ń pè é, a kò kọ ọ̀kan sílẹ̀ bí a kò bá jọ fẹnu kò.

Ọjọ́bọ̀, 26 Ọ̀któbà
Mo fá irùngbọ̀n wọn. Anna dé ní aago méjì pẹ̀lú páì ápù àti àwòrán bàbá-bàbá rẹ̀ nínú férémù. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ aṣọ bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbá Mister Jesse mọ́ra kí wọ́n tó dìde tán.

Mo ní, “Màdáámù, èmi ni mo ka ọjọ́ yẹn. Mo kà á ní àkàsódì.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró.

Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní kí n kó ìwé ìròyìn náà wá. Ó jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì, ó ka gbogbo àlàfo ogójì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù, bẹ́ẹ̀ ni kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó tó wákàtí kan. Èmi àti Mister Jesse dúró bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí èsì ìdánwò.

“Mọ́kàndínlógún,” ni ó wí. Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dunnú.”

Mister Jesse ní, “Anna, dárí jì mí.”

“Fún èwo, Jesse? Fún ti àkọ́kọ́ ni, àbí fún ti lẹ́tà?”

Ó mú àwòrán náà, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà. Ó gbé e ka orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páì.

“Fi í sínú ìwé náà. Bí ẹ bá máa bú u, kí wọ́n rí ojú ẹni tí ẹ ń bú.”

Mo sìn ín dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Ó ní, “Ìwọ lo sọ ọ́. Òun ìbá ti sọ ọ́ bí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ìbá sọ ọ́. Mo rò pé òótọ́ ni.

Nígbà tí mo padà wọlé, Mister Jesse bi mí pé irú ojú wo ni Tuckerman ní nínú àwòrán náà. Mo ní ojú ẹni tó rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ kí a tó gbàgbé.

Àbámẹ́ta, 28 Ọ̀któbà
Mo gbé ìwé náà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́: ojú ìwé 412, àtẹ kan, àwòrán kan. $18.80 kí ó lè dé kíákíá. Mister Jesse ló ní kí n lo èyí tó wọ́n jù. Mo bá wọn jiyàn, mo sì lo èyí tó wọ́n jù. A jẹ páì náà tán lónìí.

Ìṣẹ́gun, 31 Ọ̀któbà
Ilé ìtẹ̀wé pè ní aago mọ́kànlá. Ó ti dé. Mister Jesse gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní, “Ó tán.” Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n tan rédíò, kò sì sí eré kankan, ìròyìn ìbò nìkan ló wà.

Ọjọ́bọ̀, 2 Nòfẹ́ḿbà
Mo ń di ẹrù. Àpótí mẹ́tàdínlógójì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè bẹ Jessica pé kí wọ́n dúró, níwọ̀n ìgbà tí orí wọn kò ṣe nǹkan kan.

“Mo ti bá a sọ ọ́,” ni wọ́n wí. “N óò ṣì lọ. Lánàá mo da kọfí gbígbóná sí ọwọ́ mi, o rí i. Ṣùgbọ́n ojú mi ni mo ń tìtorí rẹ̀ lọ báyìí. Mò ń gbé orí mi lọ. Ìyẹn yàtọ̀, Nọ́fíù.”

Mo ní ó yàtọ̀ lóòótọ́.

Àbámẹ́ta, 4 Nòfẹ́ḿbà
Jessica dé ní aago mẹ́wàá. Obìnrin tó ní ọ̀yàyà ni, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lemọ́lemọ́. Mo wọ kóòtù fún Mister Jesse, mo ti bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn nítorí afẹ́fẹ́. Ní ìdí mọ́tò wọ́n na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n nà. Mo wò ó, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe.

“Ìbò rẹ ni mò ń tọrọ,” ni wọ́n wí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ni wọ́n bá na ọ̀tún. Mo fi méjèèjì dì í mú.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo gbá ilé tó ti ṣófo, mo pa iná, mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí lẹ́tà. Mo kọ̀wé sínú fọ́ọ̀mù ẹ́jẹ́ńsì lórí itan mi nínú mọ́tò. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀: 5 Sẹ̀tẹ́ḿbà. Ọjọ́ tí mo parí: 4 Nòfẹ́ḿbà. Ọjọ́ mélòó ni láti ìgbà náà di òní? Mo kà á bí wọ́n ṣe ń kà á níbí, mo tún un kà, kò sí àṣìṣe. Mo kọ 60 sínú fọ́ọ̀mù wọn.

Nínú ìwé tèmi yìí, 61 ni mo kọ. N kò lè yọ òní kúrò níbẹ̀.